Ràbíátù, Mi Ò Fún Ẹnikẹ́ni Ní Bàtà Rẹ

                                                  Ojúlé 23, Ẹ̀yìn Malu Road,
                                                  Àpápá,
                                                  Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                  Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 2024.

Ràbíátù mi ọ̀wọ́n, bákì mi àtàtà lórí pápá,

Báwo ni Ìlọrin? Ṣé Àlájà ìyá rẹ wà dáadáa, ṣé ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń ru ti rọlẹ̀? Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ńkọ́, ṣé wọ́n ṣì ń fi ọ̀pá tí o fi ń rìn ṣe ẹṣin gùn kiri ilé? Orúnkún rẹ ńkọ́? Dá mi lóhùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, má sì fo èyí tó gbẹ̀yìn.

Má bínú pé ìwé ni mo kọ lọ́tẹ̀ yìí. Bí mo bá pè ọ́ lórí fóònù, kí n ṣáà ti dárúkọ bọ́ọ̀lù, wàá ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, wàá sì pa á. O ò lè pa bébà.

Ràbí, mo ti di ìyàwó! Ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ méjì lónìí! Bí mo bá jí láàárọ̀, màá wo ẹni tó sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, màá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, Tamuno á ní mò ń dẹ́rù ba òun. Yàrá kan àti pálọ̀ la ní. Ẹ̀gbẹ́ ilé níbẹ̀ ló ti ń tún ẹ́ńjìnnì tírélà ṣe, nítorí náà ilé ló ti ń jẹun ọ̀sán, ọwọ́ ẹ̀ á kún fún gírísì, bẹ́ẹ̀ náà ló sì máa fẹ́ dì mọ́ mi. Gbogbo aṣọ tuntun mi ló ti ní àmì ìka márùn-ún. Mi ò bínú rárá!

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàtà ló jẹ́ kí n kọ̀wé yìí. O ránṣẹ́ sí màmá mi lóṣù tó kọjá pé kí wọ́n kó bàtà bọ́ọ̀lù rẹ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn fún èyíkéyìí nínú àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù, pé ìwọ ò tún ní wọ̀ ọ́ mọ́ láyé. Màmá mi gbé e fún mi. Kí n tó sọ ohun tí mo fi ṣe, mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan.

Mo parọ́ fún ọ. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ tìrẹ, mo ní kí o fọkàn balẹ̀, pé èmi ti padà sórí pápá, pé kò sí wàhálà kankan. Mo padà lóòótọ́, mò ń ṣọ́lé, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí orúnkún òsì mi kan ilẹ̀. Fún oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn tí wọ́n tún iṣan inú ẹ̀ ṣe, kò sí ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo kúnlẹ̀ lé e lórí. Kò dùn mí o. Ẹ̀rù ni. Bí mo bá ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ báyìí, etí mi á tún gbọ́ ìró ọjọ́ tí iṣan yẹn já. Ìwọ náà gbọ́ ọ, ìwọ lo kọ́kọ́ sáré dé ọ̀dọ̀ mi.

Àánú àwọn èèyàn ló sì tún ń bọ́ ẹ̀rù yẹn. Ọjọ́ tí mo ti ọsibítù dé ni màmá mi ti kéde fún gbogbo ará ilé wa ní Ajégúnlẹ̀ pé wọ́n ti la orúnkún Morìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe jẹ́ kó kúnlẹ̀ kí òun. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, gbogbo wọn á pariwo, "Dìde, dìde! Má ba iṣẹ́ dókítà jẹ́!" Ó wá mọ́ mi lára. Èmi Morìnsọ́lá ń dúró ṣánṣán kí ìyá àgbà ẹni ọgọ́rin ọdún, mò ń mi orí bí ọ̀gá báńkì.

Lóṣù kẹsàn-án ọdún yìí, Sista Onyinyechi tó ń bá wa na ẹsẹ̀ ní ọsibítù ní kí n fi ẹsẹ̀ òsì nìkan fò. Mo fò. Wọ́n wọn agbára ẹsẹ̀ méjèèjì, ó dọ́gba. Wọ́n wá bi mí pé ìgbà wo ni mo kúnlẹ̀ gbẹ̀yìn. Mo ní wọn kì í jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Wọ́n wò mí sùn-ùn. "Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ìwọ àbí àwọn? Knee don heal. Na you remain."

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn, a bá àwọn ọmọbìnrin Ìjọra gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́-sọ́rẹ̀ẹ́. Gòólù mẹ́ta ni wọ́n jẹ wá, ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ sì gbà wọlé: nílẹ̀, lápá òsì mi. O rántí Ebiere, atamátàsé wọn tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi? Òun ló ń pariwo sáwọn ẹgbẹ́ ẹ̀: "Ẹ máa gbá a nílẹ̀! Madam ò lè kúnlẹ̀!" Àwọn òǹwòran rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn eré, Kóòṣì Gbénró pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kọkànlá yìí la máa tún pàdé Ìjọra, pé ife ló wà ńbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ní bí mi ò bá ní lọ sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù, kí n sọ, àwọn á fi Ìyanu ṣọ́lé, kí èmi sì wá nǹkan mìíràn ṣe. "Lọ ṣègbéyàwó rẹ ná. Tó o bá dé, wá fún mi lésì."

Ìyẹn ni mo gbé sáyà wọ aṣọ ìyàwó.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí a tó lọ sí kọ́ọ̀tù, a péjọ sí pálọ̀ bàbá mi fún àdúrà. Màmá mi ti gbé àpótí kan sáàárín ilé, wọ́n tẹ́ pílò sí i lórí. Mo jókòó. Tamuno, ọmọ Kalabari tó fi odindi oṣù kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀, ti na gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. O mọ bàbá mi, iṣẹ́ ẹrù gbígbé ní èbúté Kirikiri ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀, níbi tó yẹ kí n wà. Àǹtí mi kan bá ní, "Ẹ jẹ́ kó jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ pé aláàbọ̀ ara ni."

Ta ni aláàbọ̀ ara? Ràbí, ara mi gbóná! Èmi tí mo mú pẹnárítì méjì lọ́jọ́ kan! Mo dìde, mo fẹsẹ̀ ti àpótí yẹn sẹ́yìn, mo kọ́kọ́ fi orúnkún òsì kanlẹ̀. Nǹkan kan dún fàà! Màmá mi kígbe, "Orúnkún ọmọ mi o!" Èmi náà di ojú mi, mò ń retí ìrora. Kò dé. Àṣé sípì ẹ̀yìn aṣọ mi ló ya láti òkè dé ìdí. Ẹ̀rín sọ. Bàbá mi gbé ọwọ́ wọn tó le bí okùn ọkọ̀ lé mi lórí, wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àwọn tí àdúrà wọn kì í ju "Ọlọ́run á ṣọ́ ọ" lọ! Wọ́n gbà á, gbà á, bí ẹni ń san ti oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí Tamuno fi sọ̀rọ̀ láti ilẹ̀ pé, "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, àyà mi." Mi ò dìde títí wọ́n fi ṣe àmín. Pínnì ni wọ́n fi so aṣọ mi lọ sí kọ́ọ̀tù. Láti ibẹ̀ ni mo ti pe Kóòṣì: "Sà, ẹ má fi Ìyanu síbẹ̀."

Àná wá ni ọjọ́ náà. Ebiere rí mi, ó ní, "Ìyàwó ọ̀ṣìngín! Ṣé ọkọ ti bá wa tẹ orúnkún yẹn?" Mo fẹ́ kí ìtàn mi dùn, ṣùgbọ́n mi ò tún ní parọ́ fún ọ: ní bí ogún ìṣẹ́jú, ó gbá a nílẹ̀ sápá òsì, ẹsẹ̀ mi kọ̀, ó wọlé. Ẹ̀rù tí mo rò pé mo ti fi sílẹ̀ ní pálọ̀ bàbá mi ti tẹ̀lé mi dé pápá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ yíjú sí Kóòṣì pé kí wọ́n pààrọ̀ mi. Mo wá bi ara mi pé, ṣé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo máa kúnlẹ̀ láyé mi ni? Bí ẹ̀rù bá fẹ́ wà níbẹ̀, kó wà níbẹ̀, èmi náà á wà níbẹ̀.

Lẹ́yìn tí a ti dá gòólù kan padà, Ebiere tún já gbà. Ó tún gbá a síbẹ̀. Ràbí, mo lọ! Orúnkún òsì gbo iyanrìn, mo kó bọ́ọ̀lù sáyà, Ebiere sì wó lù mí. Tamuno ti sáré dé etí ìlà, ó sì dúró síbẹ̀, torí mo ti mú un búra pé kò ní wọlé bó ti wù kó rí. Mo na ẹsẹ̀. Mo ká a. Ó kàn bó lára ni. Mo dìde, bọ́ọ̀lù ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ebiere ní, "Ah-ah, Madam! O ti gba oúnjẹ lẹ́nu wa." Ọ̀mì la gbá, a máa tún un gbá lọ́jọ́ Sátidé. Èmi ni mo máa ṣọ́lé!

Mi ò ní kí o sáré o. Oṣù méje péré ni tìrẹ, jẹ́ kí dókítà sọ ìgbà tó tó. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní ó tó, má jẹ́ kí Àlájà ní kí o dìde. Kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀. Bí ẹ̀rù bá bà ọ́, kúnlẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rù náà.

Bá mi kí ẹ̀gbọ́n rẹ àtàwọn ọmọ. Sọ fún Àlájà pé tí èmi àti Tamuno bá dé fún ọdún, mi ò ní mi orí kí wọn.

Bàtà rẹ wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn wa. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti pààrọ̀ okùn ẹ̀. Ojoojúmọ́ ni Tamuno ń forí gbá a tó bá ń wọlé. Ó ní kí n gbé e kúrò níbẹ̀. Mo ní ẹni tó ni ín ló máa gbé e kúrò.

                                                  Èmi ni kípà rẹ tí kò yẹsẹ̀,
                                                  Morìnsọ́lá, ìyàwó Tamuno.