Píjò Tí Mo Ní Wọ́n Dì

Ọjọ́ Ajé, 6 Oṣù Kẹwàá, 2025

Oyin ọmọ mi dé láti Àkúrẹ́. Kò tíì jókòó tó fi bojú wo ẹ̀yìnkùlé. "Bàbá, ọkọ̀ lẹ gbé síbẹ̀ yẹn ni, àbí sàréè?" Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dé ikùn.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Píjò 504 yẹn ti wà lábẹ́ igi ọsàn. Wọ́n ní ayé dì í, kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ má lè ta mọ́. Kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án ní gbogbo Odígbó. Ewúrẹ́ nìkan ni kò gbọ́ ìtàn rẹ̀.

Oyin ní òun á mú ríwáyà wá láti Ọ̀rẹ̀, ẹni tó mọ wáyà ọkọ̀ dáadáa.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7 Oṣù Kẹwàá

Àzíìz lorúkọ ríwáyà. Á tó ẹni àádọ́ta ọdún. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Mẹkáníìkì tó mú wá fọ táǹkì àti kábúrétọ̀. Bátìrì tuntun. Àzíìz yí kọ́kọ́rọ́ — kẹ̀. Iná iwájú ṣẹ́jú, ó kú. Ó tún yí i — kẹ̀.

Ohùn ọjọ́ tí ọkọ̀ náà kọ̀ gan-an. Mo wọlé lọ jókòó.

Ó yọ sítátà, ó gbé e sílẹ̀, ó so ó mọ́ bátìrì. Ó yí wìì. "Sítátà le, Bàbá Tíṣà. Nǹkan mìíràn ló ń dínà fún iná."

Ọjọ́rú, 8 Oṣù Kẹwàá

Òjò. Àzíìz kò wá. Mo lọ nu èruku orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ọwọ́ mi ń yẹra fún ibi tí Hannah ẹ̀gbọ́n mi gbọ́wọ́ lé lọ́jọ́ tó kọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Píjò ta.

Àzíìz ti dá sítátà padà. Ó mú wáyà nípọnnípọn kan, ó fi orí kan rẹ̀ kan bátìrì níbi nẹ́gẹ́tíìfù, ó fi èkejì kan ara ẹ́ńjìnnì, ó ní kí Oyin yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì bú. Nígbà náà ló wá lọ tú nọ́ọ̀tì wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀dà búlúù ló wà lábẹ́ rẹ̀. Kò sí ibi tí irin ti kan irin.

"Wọ́n ní wọ́n di ọkọ̀ yìí. Pẹ́ńtà ló dì í o, Bàbá Tíṣà!"

Oyin rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Lọ́dún mẹ́rìndínlógún sẹ́yìn, nígbà tí pẹ́ńtà ń kun ọkọ̀ yìí, èmi ni mo ní kó kun inú bọ́nẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú, kí ibikíbi má ṣẹ́ kù. Ọkọ̀ náà ta fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀. Ó kọ̀ lọ́jọ́ kẹta. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní físíìsì: iná tó bá jáde gbọ́dọ̀ rọ́nà padà. Mi ò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò. Ilé àdúrà ni mo sáré lọ.

Ọjọ́ Ẹtì, 10 Oṣù Kẹwàá

Jẹ́ kí n kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ọdún 2009. Mò ń lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ipò ọ̀gá ilé-ìwé ní Àkúrẹ́. Hannah ń kọjá, ó gbọ́wọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì: "Ó mà dára o, Báná." Báná lorúkọ mi lẹ́nu rẹ̀. Mo yí kọ́kọ́rọ́ — kẹ̀. Ẹlòmíràn gba ipò náà.

Nínú ìsìn tó tẹ̀ lé e, wòlíì ní òun rí obìnrin kan tó fọwọ́ kan ọkọ̀. Kò dárúkọ. Èmi ni mo dìde. Èmi ni mo dárúkọ Hannah, pé àjẹ́ ni.

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ó kó lọ sóko ní Ararọ̀mí-Obu. Ojú fèrèsé ni mo wà, mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 11 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀kadà ni mo gùn lọ sọ́dọ̀ Hannah. Mi ò lè gbé Píjò yẹn dé iwájú rẹ̀.

Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ó ń bó ẹ̀gẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ sínú èèpo, mo sọ ti ọ̀dà. Kò gbójú sókè. Èdè Ìkálẹ̀ ló fi dá mi lóhùn. Bí mo ṣe lè kọ ọ́ nìyí:

"Ọ̀dà ló wá jẹ́rìí pé n kì í ṣe àjẹ́."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi.

"Bí ará Ọ̀rẹ̀ yẹn kò bá wá rí i ńkọ́, Báná?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wí pé wòlíì ló ríran —

"Wòlíì ló dárúkọ mi?"

"Rárá."

Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn. "Èmi ni mo pọ̀n ọ́ sọdá odò lọ sílé-ìwé. Ibi tí o ti pè mí ní àjẹ́, ibẹ̀ ni kí o lọ. Má wá máa sọ ọ́ fún ẹ̀gẹ́. Kí o sì yára. Àwọn tó gbọ́ ọ ń kú tán."

Ọjọ́ Àìkú, 12 Oṣù Kẹwàá

Mo lọ sílé àdúrà. Mo jókòó. Mo padà sílé.

Ọjọ́rú, 15 Oṣù Kẹwàá

Oyin ń wa Píjò kiri ìlú. Àwọn èèyàn ń juwọ́ sí i. Ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá ta, ó dà bí ẹni pé ó ń fi mí sùn.

Ọjọ́ Àìkú, 19 Oṣù Kẹwàá

Àsìkò ìjẹ́rìí. Mo dìde. Mo ní, "Ẹ rántí ọkọ̀ mi tí a ní wọ́n dì. Ó ti ta —"

"Halelúyà!"

Agogo. Àtẹ́wọ́. Wọ́n jó yí mi ká. Obìnrin kan ń kígbe pé ọwọ́ àjẹ́ ti ká kúrò lára ọkọ̀ mi. Ìjẹ́wọ́ mi ti di ẹ̀sùn kejì sí Hannah lọ́rùn. Ẹni mẹ́rin péré ló ṣẹ́ kù nínú àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́dún 2009; àwọn náà ń jó.

Ìjókòó mi wà lẹ́yìn mi. Ó rọrùn láti jókòó.

Mo dúró títí orin fi tán. Wọ́n tún fẹ́ dá òmíràn. Mo nawọ́ sí wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò fi ti ọkọ̀ ṣáájú.

"Hannah, ọmọ ìyá mi. Ibí yìí ni mo ti purọ́ mọ́ ọn."

Kò sẹ́ni tó ní halelúyà.