Ìrẹsì Ọjọ́ Àdúrà Bàbá

Màámi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ìtọ́jú gbogbo àwọn tó ń wọlé tó ń jáde lọ́dọ̀ yín ní Abẹ́òkúta. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Bọ̀dá Mùfú, ẹ̀gbọ́n mi, ní Ìbarà. Mo kí Rísí, àbúrò mi, ìyàwó ojú ọ̀nà. Mo kí Àǹtí Sàfú, àbúrò yín, ní Láfẹ́nwá; mo mọ̀ pé wọ́n máa ní kí ẹni tó ń ka lẹ́tà yìí tún ibi tí orúkọ wọn wà kà. Ó ku ẹnì kan tí n kò tíì kí. Ó nídìí, ẹ jẹ́ kí n dé ibẹ̀.

Àlàáfíà ni mo wà. Òtútù ti dé sí àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ilẹ̀ sì ń tètè ṣú. Tí mo bá fi máa jáde níbi iṣẹ́, iná ojú títì ti tàn. Ilé àyẹ̀wò kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Oúnjẹ tó bá ṣe àwọn èèyàn léṣe ni wọ́n ń gbé wá fún wa: ẹran, wàrà, kéèkì ìgbéyàwó pàápàá. A máa ń bu díẹ̀ nínú rẹ̀ sínú àwo kékeré onídèérí, a ó gbé e síbi tó ń móoru, a ó sì dúró kí ohun tó wà nínú rẹ̀ hù. Dídúró ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo ń lọ sí yàrá mi, mo ń dá oúnjẹ sè, mo ń dá a jẹ. Ìyẹn ti mọ́ mi lára. Ohun tí kò tíì mọ́ mi lára ni bí ìkòkò ṣe kéré tó. Mo ṣì máa ń wọn ìrẹsì bíi pé gbogbo ilé ló máa jẹ ẹ́, kí n tó rántí.

Inú ìwé ìròyìn ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, ẹ̀yin náà lẹ sì ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Nítorí àwọn òǹkàwé tí kò mọ̀ wá, n ó bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má bínú tí mo bá ń sọ ohun tí ẹ ti mọ̀ fún yín.

Lọ́dún tó kọjá, ẹ pe gbogbo ẹbí jọ sí ilé ńlá láti ṣe àdúrà fún Bàbá wa tó ti dolóògbé. Àlejò wá láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti àwọn abà wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìkòkò àti bàsíà ní Láfẹ́nwá, ohun èlò kò lè wọ́n yín. Ẹ pín iṣẹ́ ìdáná sí méjì. Ẹ̀yin àti àwọn àbúrò yín se ìrẹsì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, nítorí èrò pọ̀, ẹ kò sì fẹ́ wà nínú èéfín nígbà tí àwọn Alfa bá ń wọlé. Dúpẹ́, ìyàwó Bọ̀dá Mùfú, ló se mọ́ínmọ́ín láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an. Ọmọ tíṣà kan ní Adígbẹ ni Dúpẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n ń lọ nílé wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹ máa fa ìkòkò àlejò lé e lọ́wọ́.

Kí wọ́n tó kí ìrun Alásárì, àwọn èèyàn ti ń bì káàkiri àgbàlá. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, kò sí ẹni tó kú, ara gbogbo wọn sì ti yá kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀rọ̀ ni kò lọ. Àǹtí Sàfú ló kọ́kọ́ sọ pé mọ́ínmọ́ín ni, pé ọmọ tó dàgbà sílé tíṣà, tíì àti búrẹ́dì ló mọ̀ ọ́n fi ṣe àlejò. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín. Ẹ dìde lójú gbogbo ẹbí, ẹ ní ọwọ́ Dúpẹ́ kò gbọ́dọ̀ kan ìkòkò àlejò mọ́ nínú ilé yìí. Rísí ní ńṣe ni Dúpẹ́ kúnlẹ̀, ó ní, “Ẹ ṣeun, Mà,” ó kó àwọn abọ́ rẹ̀, ó sì lọ.

Láti ọjọ́ náà, Bọ̀dá Mùfú nìkan ló ń wá kí yín. Nígbà tí ẹ wá dájọ́ yìgì Rísí, ó ní òun kò ní wá síbi tí wọ́n á ti fi ìyàwó òun jókòó bí àlejò tí wọ́n ń ṣọ́ ọwọ́ rẹ̀. Òun náà sì ló yẹ kó dúró ní ipò Bàbá láti fa Rísí fún ọkọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Rísí gba ohùn rẹ̀ sínú kásẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ sí mi. Ó sunkún níbì kan nínú rẹ̀, ó sì bi mí bóyá ọmọ tí kò ní baba tí kò sì ní ẹ̀gbọ́n ni wọ́n máa so yìgì fún.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi kásẹ́ẹ̀tì rẹ èèyàn lẹ́kún. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n béèrè. Mo ní kó má bi ẹnikẹ́ni pé ta ló jẹ̀bi. Kó kàn máa bi wọ́n pé kí ni wọ́n jẹ, kí ni wọn kò jẹ, ìgbà wo sì ni èébì bẹ̀rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é níbí náà nìyẹn. Ẹni tí ara rẹ̀ kò dá máa ń sọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ohunkóhun kò ṣe ni ó máa ń là wá lójú jù.

Alfa àgbà, tí dókítà ti ní kí wọ́n jìnnà sí ìrẹsì nítorí àtọ̀gbẹ, kò jẹ nǹkan mìíràn lọ́jọ́ náà ju mọ́ínmọ́ín lọ. Wọ́n jẹ, wọ́n tún gba sí i, ohunkóhun kò ṣe wọ́n. Wọ́n ní kí Rísí bá àwọn béèrè bóyá ó kù. Àwọn awakọ̀ tó gbé àlejò wá ní ọjọ́ tó ṣáájú, gbígbóná ni ẹ bu ìrẹsì fún wọn látorí iná. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sùn, wọ́n jí. Ó wá ku Láfẹ́nwá. Àǹtí Sàfú ní àwọn kò di ohunkóhun lọ sílé lọ́jọ́ náà. Ọmọ wọn obìnrin wá sọ̀rọ̀ láti inú yàrá pé, “Ìrẹsì inú kúlà ńkọ́, Màámi, tí gbogbo wa ń tò sí ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ́?” Gbogbo àwọn tó jẹ ẹ́ nínú ilé náà ló bì, tó fi mọ́ àwọn tí kò tilẹ̀ dé ibi àdúrà. Mọ́ínmọ́ín Dúpẹ́ kò sì rékọjá ilé ńlá lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìrẹsì fún yín díẹ̀díẹ̀. Kòkòrò kan wà tó ń bá ìrẹsì bọ̀ láti oko, ó dà bí irúgbìn, ṣùgbọ́n ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Sísè kì í pa á, ńṣe ló ń sùn. Tí ìrẹsì bá gbóná débi pé ó ń jó ẹnu, kò lè jí. Tí ó bá tutù bí ohun tó ti inú fìríìjì jáde, kò lè jí náà. Àárín méjèèjì ló ń fẹ́, ohun tí a ń pè ní lọ́wọ́ọ́wọ́. Níbẹ̀ ló ti ń jí, tó ń pọ̀ sí i, tó sì ń da oró sínú oúnjẹ. Oró náà kì í rùn, kì í kan lẹ́nu. Tí a bá tún gbé ìrẹsì náà kaná, oró kò ní tìtorí ìyẹn kúrò.

Màámi, mo rántí bí ẹ ṣe ń tọ́jú oúnjẹ àlejò. Ẹ ó bu ìrẹsì sínú bàsíà ńlá títí dé etí, ẹ ó fi ewé bò ó, ẹ ó dé e, ẹ ó sì fi kúbùsù méjì wé e bí ọmọ tuntun. Ẹ máa ń sọ pé ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn wá kò gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ tútù lọ́dọ̀ yín. Tẹ́lẹ̀, ìdájí lẹ máa ń sè é, wọn a sì ti jẹ ẹ́ tán kí oòrùn tó mú. Lọ́dún tó kọjá, ìrọ̀lẹ́ lẹ ti sè é, nítorí èrò pọ̀. Rísí sọ fún mi pé àwọn àlejò ń yìn yín bí wọ́n ṣe ń jẹun, wọ́n ń sọ pé ìrẹsì àná, ó ṣì ń lọ́wọ́ọ́wọ́, Ìyá Mùfú mà mọ iṣẹ́ o. Ìyìn yẹn gan-an ni ìdáhùn tí mo ń wá. Ẹ rántí àwo kékeré onídèérí tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Tí a bá fẹ́ kí kòkòrò hù níbi iṣẹ́ wa, bí ẹ ṣe tọ́jú ìrẹsì yẹn náà la ṣe ń tọ́jú rẹ̀.

Gbogbo èyí ni mo sọ sínú kásẹ́ẹ̀tì tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀yin nìkan. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń bọ̀, yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo rò pé mo ti sọ̀rọ̀ ju bó ṣe yẹ kí ọmọ sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀ lọ. Ìgbà tó yá, Alhaja aládùúgbò wa wá kí ọmọ wọn níbí, wọ́n sì gbé kásẹ́ẹ̀tì yín lé mi lọ́wọ́ pẹ̀lú gaàrí. Ohun tí ẹ sọ nínú rẹ̀ rèé, bí ẹ ṣe sọ ọ́:

“Kúdí, mo ti gbọ́. Rísí tún un gbé sí i fún mi títí, mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kúbùsù mi ni. Ojú gbogbo ẹbí ni mo ti bá ọmọ ọlọ́mọ wí, n ò ní bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀ nìkan. Kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn tí Mùfú máa ń rà, má fi mí pamọ́. Àmọ́ o, tí o bá tún fi bàsíà mi wé ilé kòkòrò, o máa dáhùn rẹ̀ lọ́dọ̀ mi tí o bá délé.”

Ẹ sọ fún mi pé ẹ ti lọ sí Ìbarà láìránṣẹ́ ṣáájú. Dúpẹ́ kí yín káàbọ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé omi wá, ó fetí sí gbogbo ohun tí ẹ ní láti sọ. Ó ní òun kò bínú. Ó ní òun àti ọkọ òun yóò wá síbi yìgì Rísí, òun yóò sì kí gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ dárúkọ ìdáná, ó ní, “Ẹ jẹ́ kí n kàn jókòó, Mà.” Ẹ ní “Mà” yẹn dùn yín ju kó bú yín lọ, nítorí Màámi ló ń pè yín láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e wọlé. Ẹ bi mí bóyá ìwé tí mo kà ní oògùn ìyẹn. Kò ní.

Ètò ìdáná ni mo ní. Ẹ jẹ́ kí wọ́n se ìrẹsì yìgì ní ìdájí ọjọ́ náà, nínú ìkòkò púpọ̀ tí kò tóbi jù, kí ìkòkò kọ̀ọ̀kan wà lórí iná títí wọn yóò fi bù ú. Kí wọ́n máa sè é tẹ̀lé ara wọn, bí àlejò ṣe ń dé. Tí àlejò bá dúró díẹ̀ de oúnjẹ tó ń rú èéfín, ẹ kò fi ìwọ̀sí lọ̀ ọ́. Èyí tó bá ṣẹ́kù, kí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sínú tíréè fífẹ̀, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, kó tètè tutù, kó tó wọnú fìríìjì. Owó díẹ̀ tí mo fi rán Alhaja, tíréè ni mo ní lọ́kàn. Tí ẹ bá sì mú un láti ìsọ̀ yín, kí owó náà wà lápò yín. Kí ẹnikẹ́ni má di ìrẹsì sínú kúlà lọ sílé. Àǹtí Sàfú, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín.

Ojú kejì kásẹ́ẹ̀tì náà, ọjọ́ mìíràn lẹ gbà á, ọjọ́ Jímọ̀ kan tí ẹ ṣe sàárà. Ẹ kí mi, ẹ ní kí n máa wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ ní ó dàbọ̀. Ẹ wá gbàgbé láti pa rẹkọ́dà. Mo jẹ́ kó máa yí lọ bí mo ṣe ń fọ abọ́ mi kan ṣoṣo. Mo gbọ́ adìyẹ. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ìkòkò nílẹ̀. Mo wá gbọ́ ohùn yín láti ọ̀nà jíjìn díẹ̀, ẹ ní, “Má tíì dé e. Jẹ́ kó tutù ná.”

Ohùn kan dáhùn, kì í ṣe ti Rísí. Ó ní, “Ó ti ń tutù, Màámi.”

Ibẹ̀ ni kásẹ́ẹ̀tì tán sí. Mo nu ọwọ́ mi, mo dá a padà, mo tún un gbọ́.

Màámi, ẹ bá mi kí Dúpẹ́. N kò kí i níbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí nítorí n kò fẹ́ ṣèèṣì kí i síbi tí kò sí. Inú ilé ìdáná yín ni mo kí i sí.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí yìgì Rísí tuni lára. Kó jẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá jẹun níbẹ̀ fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ délé. Kó dá ẹ̀mí yín sí, kí n lè bá yín nílé, kí ẹ sì bá mi wí bí ẹ ṣe ṣèlérí. Mo kí gbogbo ilé, mo kí Alfa àgbà. Ẹ bá mi fi mọ́ínmọ́ín wọn pamọ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Kúdíràtù.