Kì í Ṣe Májèlé Ló Ń Ṣe Giramia

Wọ́ọ̀dù Àwọn Obìnrin,
Ilé Ìwòsàn Ńlá,
Arua.
9 Oṣù Kẹta, 2019.

Ucircan, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́, ṣé ó ti fúyẹ́? Èmi ṣì ń mí. Olùkọ́ kan tí ìyàwó rẹ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì kejì sí tiwa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí.

Giramia ọmọ mi wà láàyè, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́ nínú ewu. Nígbà tó jẹ ẹja tí Akumu ìyá ọkọ rẹ̀ sè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ẹ̀jẹ̀, gbogbo ará Panyimur, abúlé wa, ló ní májèlé ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Dókítà fi ẹ̀rọ wo inú rẹ̀. Ó ní aràn inú adágún wa, tó máa ń gba awọ ara wọlé, ti ń ba ẹ̀dọ̀ rẹ̀ jẹ́ láti kékeré. Ẹ̀jẹ̀ wá dì sínú iṣan ńlá tó wọ ẹ̀dọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí kò rọ́nà kọjá ló lọ kún iṣan ọ̀fun, tí iṣan fi wú tó sì bẹ́.

Wọ́n ti fi rọ́bà kéékèèké so àwọn iṣan ọ̀fun náà, wọ́n sì fún un ní oògùn aràn. Lọ́la ni wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Mo ní, "Dókítà, ọmọ tó ń da ẹ̀jẹ̀ bí omi, ẹ tún fẹ́ kó máa ṣàn sí i?"

Ó ní, "Bàbá, ìdí tí a fi kọ́kọ́ so àwọn iṣan náà nìyẹn. Bí èyí tó dì bá ń gùn sí i, ìfun rẹ̀ lè kú."

Mo ní ṣé ó dá a lójú pé yóò yè. Ó ní kò dá òun lójú. Mo tẹ̀ka sí ìwé pé kí wọ́n fún un. Àyà mi ò balẹ̀ láti ìgbà náà. Bí ìyá Giramia ṣe lọ nìyí, ìwọ náà rí i, a ò sì mọ ohun tó pa á.

Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dáná sun ilé Akumu. Giramia gbọ́, ó ní, "Bàbá, iyọ̀ àpọ̀jù nìkan ni Màmá ọkọ mi fi ń pa ènìyàn." Jọ̀ọ́, lọ máa sùn ní àgbàlá obìnrin náà. Bí wọ́n bá dé, sọ pé èmi ni mo ní kí wọ́n padà. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní arúgbó dìndìnrìn, sọ fún wọn pé méjì ni wá.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn apẹja etí omi. Ucircan, bí ọmọ yìí bá kú, kì í ṣe Akumu ló pa á. Mo ń sọ ọ́ nísinsìnyí tí orí mi ṣì pé. Bí mo bá gbé òkú dé, tí mo wá ń sọ nǹkan mìíràn, èyí tí mo sọ lónìí ni kí o gbà gbọ́.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Onencan
(ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́)