Bùnmi Gba Ọmọ Rẹ̀ Lọ́wọ́ Màámi

Sátidé, Àkúrẹ́

Èmi àti Màámi lọ sí Oǹdó lónìí, a lọ kí Bùnmi, àbúrò mi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ló fi gbé ọmọ lé Màámi lọ́wọ́. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ sanra ju báyìí lọ nígbà tí wọ́n bí i."

Bùnmi gba ọmọ rẹ̀. Kò pariwo.

"Màámi, ẹ fi mí wé ẹ̀gbọ́n mi yìí títí mo fi kúrò nílé yín. Ẹ ò ní fi ọmọ mi wé ẹnikẹ́ni. Ẹ máa lọ."

Mo bẹ̀ ẹ́. Kò tiẹ̀ wojú mi.

Nínú ọkọ̀, Màámi ń sunkún, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ìwọ ò lè ṣe irú èyí sí mi láé. Ìwọ yàtọ̀."

Ó ṣe mí bíi kí n fa ọwọ́ mi yọ. Mi ò lè ṣe é.