E Ma Bo, Láìsí Àmì

Ọjà Ndogbong,
Douala.
Oṣù Kọkànlá, 1994.

Fàòsíyà, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́run kí ó wà pẹ̀lú rẹ níbi tí o wà. Mo gbàgbọ́ pé ara rẹ le, pé o ń jẹun, àti pé òtútù Yaoundé kò tíì dá ikọ́ sí ọ lára. Bí o bá ń béèrè èmi, mo wà láàyè, mo ń dìde, mo ń ṣí ìsọ̀, ẹsẹ̀ mi nìkan ni ó ń wú. Bá mi kí Àǹtí Màríyàm. Sọ fún wọn pé àbúrò bàbá rẹ ni wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìyá ni wọ́n ń ṣe fún ọ láti ìgbà tí o ti wà lọ́dọ̀ wọn, mo sì ń dúpẹ́.

Wàá rí i pé mo fi àmì sí orí àwọn ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ ńlá ni ó sì jẹ́ fún mi, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa tún ṣi ọ̀rọ̀ ẹnìkejì kà mọ́. Kà á díẹ̀díẹ̀. Èyí tí kò bá yé ọ, bi àǹtí rẹ. Mo mọ̀ pé bí ẹni ń jẹ ẹja elégungun ni o ṣe máa ń ka Yorùbá, èyí tí ó bá ti le, o máa ń tu ú dànù. Jọ̀wọ́, má tu ìkankan dànù nínú èyí.

Ohun tí mo fi ń kọ̀wé ni pé ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ ní yunifásítì yóò parí. O ránṣẹ́ sí mi pé o kò lọ mọ́, pé kí n wá ibi tí wàá ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ fún ọ. Mi ò kẹ́gàn aránṣọ. Ṣùgbọ́n inú ọdún tí ìlú dàrú ni o yege bac, ìdánwò àṣejáde girama, ọdún tí àwọn olùkọ́ rẹ ń kọ́ yín láìrí owó oṣù gbà, tí a sì ń fi àtùpà kàwé nílé. Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ yẹn dùn mí dé egungun.

Ṣé o rántí ìbéèrè tí o ń da bò mí nígbà tí èsì jáde? Ṣé ìjọba ṣì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní bourse, owó ìrànwọ́ ẹ̀kọ́? Ṣé èèyàn lè san owó náà díẹ̀díẹ̀? Ta ni yóò fi kíláàsì hàn ọ́, bí o bá sì ṣubú ní ọdún àkọ́kọ́ ńkọ́? Mi ò mọ ìkankan dáhùn nígbà náà, mo ní bàbá rẹ yóò dáhùn bí wọ́n bá dé. Ní báyìí tí kò sí wọn mọ́, mo ti lọ bi Christine, ọmọ Bafoussam tí ó máa ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ mi, tí ó wà ní ọdún kejì níbẹ̀. Ó ní bourse ti di ìtàn, kí ẹnikẹ́ni má gbójú lé e. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba owó, ìdajì kí o tó wọlé, ìdajì tí ó bá yá. Ó ní èrò máa ń pọ̀ nínú gbọ̀ngàn débi pé àwọn kan á jókòó sórí fèrèsé, nítorí náà kí o máa tètè dé, kí o sì jókòó ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ yá láti kọ̀wé. Ẹni tí ó bá ṣubú, á tún un ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ṣubú, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ó ṣèlérí pé òun yóò mú ọ dání lọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ti ń wá ra bọ́kẹ́ẹ̀tì àti sítóòfù ní ìsọ̀ mi. Ìyá wọn ni ó sábà máa ń bá wọn wá. Ìyá á máa nájà, ọmọ á máa tijú, á ní màmá ó tó, ẹ jẹ́ ká lọ. Mo ń tà fún wọn, mo ń bá wọn ṣàwàdà, mo ń gbàdúrà fún ọmọ. Bí wọ́n bá ti lọ tán, mo máa ń wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ sunkún.

Jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ bàbá rẹ, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni o ń sá fún. Nígbà tí sẹ́fà, owó ìlú yìí, já sí ìdajì ní oṣù Kìíní, aṣọ tí wọ́n ń tà kò tà mọ́, wọ́n sì lọ sílé ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ wá owó tí a ó fi gbé ọjà dìde. O yege, o sì kọ̀wé sí wọn. Wọ́n ti máa ń ráhùn pé Faransé ni ẹ̀yin ọmọ máa ń kọ sí àwọn, bí ẹni ń kọ̀wé sí kọmísọ̀nnà ọlọ́pàá. Lọ́tẹ̀ yìí o fi Yorùbá kọ ọ́, o kò sì fi han ẹnikẹ́ni, o fẹ́ kí ó yà wọ́n lẹ́nu. Àsìkò náà ni àwọn ṣọ́jà orílẹ̀-èdè méjèèjì ń kojú ara wọn lápá Bakassi, ẹ̀rù sì ń bà ọ́ pé kí bàbá rẹ má lọ gba orí omi wá. O kò mọ bí wọ́n ṣe ń kọ gbogbo ìyẹn ní Yorùbá, o fò ó, o kọ èyí tí o mọ̀: Baba, mo yege. Won n gba owo. E ma bo.

Ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ ni pé ẹ má bọ̀. Bàbá rẹ kà á sí ẹ máa bọ̀.

O mọ bí ó ṣe parí. Wọ́n wọ ọkọ̀ ojú omi ní Oron, ọkọ̀ náà dojú dé, àwọn apẹja sì gbé òkú wọn wá sí èbúté Youpwè níbí. A kírun sí wọn lára, a sì sin wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Nígbà tí a ṣe fìdáù ọjọ́ kẹjọ, Ṣẹ̀rífù ọ̀rẹ́ wọn, tí wọ́n jọ wà nínú ọkọ̀ náà tí Ọlọ́run yọ, sọ lójú gbogbo èèyàn pé lẹ́tà rẹ ni ó pè wọ́n. O pariwo pé, “Non! Mo ní kí wọ́n má wá!” O sáré jáde, o sì bá àǹtí rẹ lọ. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ní o kò sọ Yorùbá mọ́.

Àwọn kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n sọ fún ọ pé bàbá rẹ mọ ohun tí o ní lọ́kàn, pé wíwá ni ó wù wọ́n. Mi ò ní parọ́ fún ọ. Wọ́n ṣì í kà ni. Bí wọ́n bá gbé e fún èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni mo máa kà á. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo bínú sí ọ, mo bínú sí òkun, mo bínú sí ìjọba méjèèjì, mo sì bínú sí òkú fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n o jáde kí Ṣẹ̀rífù tó sọ̀rọ̀ tán. Ó ní ojú ọjọ́ kò dára ní àárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn kan sọ̀kalẹ̀, òun náà sì ní kí àwọn dúró. Bàbá rẹ rẹ́rìn-ín, wọ́n tún yọ lẹ́tà náà jáde, wọ́n ní, “Ṣẹ̀rífù, láti ọjọ́ tí mo ti bí ọmọ yìí, kò fi èdè mi pè mí rí. Ó wá pè mí lónìí, kí n wá jókòó síbí?” Ṣẹ̀rífù ní gbogbo ẹni tí ó wà ní etí omi ni wọ́n fi lẹ́tà náà hàn. Ó ní wọ́n ń kọrin nígbà tí ọkọ̀ gbéra.

Fàòsíyà, nínú gbogbo ọdún ọ̀dá owó tí a ń pè ní la crise yìí, mi ò gbọ́ orin lẹ́nu bàbá rẹ. Ìwọ ni o fi orin sí wọn lẹ́nu. Omi ni ó pa wọ́n, kì í ṣe ìwọ.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo ta aṣọ tí ó kù ní ìsọ̀ bàbá rẹ, mo sì lọ san ìdajì àkọ́kọ́. Wọ́n ní kí àwọn tí ó ti san kó ara wọn jọ sí àgbàlá, ọkùnrin kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. O mọ̀ pé orúkọ bàbá ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè níbí. Mo ṣàdédé gbọ́ “Mùíbì”, mo sì bojú wẹ̀yìn. Ọmọ mi, mo ń wò bóyá wọ́n ti dé. Kí n tó mọ ibi tí mo wà, ó ti tún un pè, “Mùíbì Fàòsíyà.” Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ó ti gbé bírò láti fagi lé e nígbà tí mo na ọwọ́ sókè láàárín àwọn ọmọ tí mo lè bí, mo ní, “Présente.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bi mí bóyá èmi ni mo fẹ́ kàwé. Mo ní rárá, ọmọ mi ni, ó ń bọ̀ lọ́nà. Ó wo aṣọ opó tí mo wọ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á fi orúkọ náà sílẹ̀ di ọjọ́ Ajé.

Ọlọ́run kí ó forí ji bàbá rẹ, kí ó fi al-jánnà ṣe ilé wọn. Kí ó tu ọ́ nínú, kí ó jẹ́ kí ìwé yé ọ, kí ó má jẹ́ kí n fi ojú sunkún ọmọ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí ó dáhùn orúkọ rẹ,
Kàbírátù.

Àfikún: Ọkọ̀ ojú irin òwúrọ̀ ni kí o wọ̀, kí àǹtí rẹ dúró títí yóò fi gbéra. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀nà kò dára ní ọjọ́ náà, jókòó sí Yaoundé, ọmọ mi. Èmi á lọ bẹ ọkùnrin náà.