Òkúta Tí Mo Rẹ Sómi Lọ́jọ́ Tí Bàbá Kú

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ará fẹ́ra kù. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín láti Ifákọ̀ níbí. Mo kí Ẹ̀gbọ́n Mùfú tó dá gbogbo ìsìnkú gbé nígbà tí èmi àbúrò rẹ̀ kò sí nílé. Wọ́n ní ẹ béèrè irú òkúta tí mò ń tọ́jú n'Íkẹjà tí mi ò fi lè wá sin bàbá mi. Ìbéèrè yín tọ́, ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Iṣẹ́ wa ni láti yẹ ọ̀dà títì wò kí wọ́n tó dà á. A máa ń po òkúta mọ́ ọ̀dà gbígbóná, a ó lù ú pọ̀ títí á fi rí roboto bí agolo mílíìkì ńlá. A ó fi mẹ́ta sílẹ̀ ní gbígbẹ, a ó rẹ mẹ́ta sómi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ di ọjọ́ kejì, a ó wá fi ẹ̀rọ tẹ gbogbo wọn títí wọ́n á fi là. Bí èyí tó mu omi bá tètè là, a jẹ́ pé òjò máa ba títì náà jẹ́. Bàbá máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀wà lọmọ ẹlòmíì ń rẹ, òkúta lọmọ tàwọn ń rẹ. Wọ́n ní bó bá jinná, kí n pe àwọn.

Lọ́jọ́ tí Ẹ̀gbọ́n pè mí lẹ́yìn ìrun àsùbáà pé Bàbá ti kú, mẹ́ta wà nínú omi. Ọ̀gá mi ní kí n máa lọ, àwọn á bá mi yọ ọ́. Èmi ni mo ní rárá. Aago mẹ́sàn-án ló yẹ kó jáde, mo sì rò pé ìrọ̀lẹ́ lẹ máa sin Bàbá. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ ò tíì kún ní Berger nígbà tí Ẹ̀gbọ́n tún pè pé àwọn àlùfáà ò jẹ́ kó pẹ́, pé wọ́n ti sin Bàbá. Mo sọ̀kalẹ̀. Ìyá mi, mi ò wálé. Mo padà síbi iṣẹ́, mo lọ tẹ òkúta.

Àwọn tó mu omi tètè là. Omi ti bó ọ̀dà kúrò, òkúta inú wọn hàn ní funfun. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yege.

Láti ọjọ́ náà, mi ò tíì sunkún. Mò ń jẹ, mò ń sùn, mò ń gbọ́ òjò lórí páànù. Ìyá onílé mi gbé ọbẹ̀ wá, wọ́n ní kí n sunkún kó lè fúyẹ́ lára mi. Mo dúpẹ́ ọbẹ̀. Kò ṣe mí bíi nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ̀gbọ́n ní Ọjọ́bọ̀ làwọn máa fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ sàréè, kí òjò má baà wọ́ erùpẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, ohun tí omi ń ṣe kò ṣàjèjì sí mi. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Jímọ̀ ni wọ́n fún mi láàyè níbi iṣẹ́ láti wálé, mo sì fẹ́ fọwọ́ kan erùpẹ̀ náà kí wọ́n tó bò ó. Bí òjò bá wó o, èmi ni màá tún un dì.

Kí Ọlọ́run fi Àlùjánnà kẹ́ Bàbá, kó fi ẹ̀yin náà sílẹ̀ fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Ẹ ṣáà jẹ́ kí n bá sàréè náà bó ṣe wà. Mo ṣì jẹ Bàbá ní èsì kan: òkúta ọjọ́ náà ò jinná.

Èmi ni ọmọ yín,
Rásákì