Ìdánwò Tí Àbúrò Rẹ Yege

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fẹsẹ̀ kọ nígboro. Ara wa le níbí, àfi orúnkún ìyá rẹ. Òrùlé ilé ìdáná ń jò, n kò sì tíì gùn ún, nítorí ọkàn mi ò sí lójú kan.

Ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ obìnrin ni. O mọ̀ pé ọ̀gá ilé ìwé ní ọmọ náà yóò máa kẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tí ìjọba bá fún un ní olùkọ́ tí á máa jókòó tì í. Obìnrin kan láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ wá ní òun máa yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù, ó sì fi àwòrán ránṣẹ́ ṣáájú: ife, bàtà, ajá, àga. Èmi tí mo ka sẹ́kọ́ńdìrì, mo ní ìdánwò àṣewọlé nìyí. Ta ló ń fún èèyàn ní ìbéèrè ṣáájú tí kò fẹ́ kó kọ́ ọ sórí? Láàárọ̀, lálẹ́, mò ń kọ́ ọ. Nígbà tọ́jọ́ pé, mo gbá yàrá, mo fá irùngbọ̀n, torí n kò mọ ibi tí fóònù yẹn lè ríran dé, mo wá dúró sẹ́yìn ẹ̀, mò ń fi ètè sọ èyí tó bá gbàgbé fún un.

Gbogbo ẹ̀ ló mọ̀. Díẹ̀ ló kù kí n jó. Àfi bí wọ́n ṣe ránṣẹ́ pé ọmọ tó já fáfá báyìí kò nílò olùkọ́ kankan.

Ẹ̀yìn kíláàsì ló ń jókòó sí báyìí, ojú fèrèsé ló ń wò, tíṣà ò ráyè tiẹ̀. Ọ̀gá ní tí táàmù bá parí, ká máa mú un lọ sílé. Ìyá rẹ ní, “Ìwọ lo bá a yege, ìwọ ni kó o lọ bá a gba ìfìdírẹmi.” Ọmọ yẹn ò ya dìndìnrìn o. Ọ̀rọ̀ kàn máa ń pẹ́ kó tó yé e ni, tẹ́nì kan bá sì fara balẹ̀ tì í, á yé e. Àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà, ohun tí apá mi ò ká. Ta ni yóò kọ́ ọ nírú ẹ̀ nínú ilé, láàárín èmi àti ìyá rẹ?

Mo bẹ obìnrin náà títí, ó láwọn á tún pè lọ́jọ́bọ̀. Jọ̀wọ́, wá, kí n má baà tún bà á jẹ́. Tí o kò bá ráyè, fi owó díẹ̀ sórí fóònù mi, wọ́n ní ẹni tí wọ́n ń wò náà ń sanwó wíwò. Mo ti ní kó dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí tó bá ti rí àwòrán. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ife sókè, á ní, “Ife, Bàbá,” á wá máa wo ọwọ́ mi, bóyá màá pàtẹ́wọ́.

Mo sì ń pàtẹ́wọ́ náà.

Ọlọ́run á bá wa ṣọ́ ọ. Ilé rẹ ò ní tú.

Èmi ni, bàbá rẹ.